Ohun Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ìran

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Bẹ́ ẹ bá kà á tán, èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ sọ sí mi, mi ò ní bínú, torí èyí tí mo ti sọ sí ara mi ju tiyín lọ.

Morádéyọ̀ lorúkọ mi. Ìyá Gbádé ni wọ́n ń pè mí ní Igbódìgò. Olúsànyà ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, èmi ń dáko ẹ̀gẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, gbogbo wọn ló wà láàyè. Gbádégẹṣin tó jẹ́ àkọ́bí ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Oǹdó, bí gbogbo ayé ṣe ń fọmọ sọ́dọ̀ ara wọn. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ má baà rò pé àìrọ́mọbí ló tì mí dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Rárá o. Ohun tó tì mí débẹ̀ ni pé mo gbà pé mo dáa ju ẹlòmíì lọ.

Ní ọdún 1970 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi ni akọ̀wé ìran ní ìjọ aládùúrà wa. Bàbá Wòlíì Àjíṣafẹ́ tó jẹ́ olórí wa kò mọ̀wé. Bí Ẹ̀mí bá fẹ́ gbé e, yóò wọ yàrá àdúrà, yóò ti ilẹ̀kùn, èmi nìkan ni mo máa ń tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù. Àwọn yòókù á máa kọrin lóde. Ohun tó bá sọ ni màá kọ. Bí Ẹ̀mí bá sì ti fi í sílẹ̀, kì í rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ. Èmi ni màá jáde kà á sétí ìjọ. Bàbá fúnra rẹ̀ á jókòó, á máa gbọ́ ọ bí àlejò.

Ẹ ò rí i pé ipò ńlá ni? Ohun tí mo bá kọ ni Ọlọ́run sọ. Ó kó sí mi lórí, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Rose ń gbé yàrá kan lẹ́yìnkùlé wa. Ọkọ rẹ̀ wọ iṣẹ́ sójà nígbà ogun, kò padà wálé mọ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí òkú. Rose ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ nígbà yẹn. Ó máa ń lọ ra ògógóró lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Ìjọ́ tó ń sè é létí odò, á gbé e kiri abúlé. Èyí tí kò bá tà, ó ń mu ún. Ó lè lo ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, ó lè lo mẹ́ta. Ọmọ́wùmí, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ló máa ń fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, irun orí rẹ̀ ti pọ́n. Egbò kan wà lójúgun rẹ̀ tí eṣinṣin kì í kúrò lórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí a bá fẹ́ ṣe púpúrú, a máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, a ó fún un, a ó mọ ọ́n ní róbótó, a ó gbé e sórí àjà lókè iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú. A ó wá ha dúdú yẹn dànù, ká tó gún funfun inú rẹ̀. Dúdú tí mo bá ha dànù ni Ọmọ́wùmí máa ń ṣà jẹ. Kì í tọrọ nǹkan. Á kàn jókòó, á máa wo ọwọ́ mi.

Mo máa ń fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fún un tán, màá wá ìyá rẹ̀ lọ láti bú u.

"Rose, ọmọ rẹ ń bá ewúrẹ́ jẹun. Ṣé ojú ò tì ọ́ ni?"

Ó ti mutí lọ́jọ́ yẹn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá Gbádé, ṣé ọmọ yín ni?"

"Torí kì í ṣe ọmọ mi, ṣé kí n máa wò ó kó kú ni?"

"Kí ikú yáa tètè wá pa á, kí gbogbo wa sinmi!"

Gbogbo agboolé ló gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń fi ìbànújẹ́ sọ ni, èmi náà ti sọ irú rẹ̀ sí ọmọ mi rí. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn, torí ó ṣì ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Òkìtìpupa. Kọ́ọ́púrà kan tó ń jẹ́ Lucas ló dá mi lóhùn.

"Màmá, ṣé ó lù ú ṣe léṣe?"

"Rárá."

"Ṣé ó fẹ́ tà á?"

"Rárá o. Ebi ló fi ń pa á."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí a bá ní ká ti gbogbo ẹni tébi ń pa ọmọ rẹ̀ mọ́lé, ibo la máa kó wọn sí? Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn. Ẹ lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ ọ́."

Rose ò ní ẹbí kankan nítòsí. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Wòlíì, ó ní ká máa fi ọmọ náà sádùúrà. Bí mo ṣe wá gbà nínú ara mi nìyẹn pé kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí àfi èmi.

Nínú oṣù kejì ọdún náà, mo lo ọjọ́ mẹ́rin lóko. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Túsìdé tí mo dé, mo gbọ́ ohun tó ń ha ilẹ̀kùn Rose látinú. Okùn ni Rose fi so ilẹ̀kùn náà láti ìta, ó sì ti lọ látọjọ́ Sátidé. Mo tú okùn. Òórùn tó jáde sí mi, mi ò lè ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ọmọ yẹn jókòó ti ààrò tútù, eérú wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń jẹ eérú. Nígbà tó rí mi, ó lanu, ohùn ò jáde.

Ká ní Rose wà níbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá lù ú, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Mo wẹ ọmọ náà, mo fi ṣíbí fún un lógì díẹ̀díẹ̀, mo di egbò rẹ̀, mo sì wọ̀ ọ́ ní sùtànà kékeré funfun tí ọmọ mi ti wọ̀ rí. Ta ló máa wo obìnrin aládùúrà àti ọmọ tó wọ funfun lẹ́ẹ̀mejì? Aṣọ rẹ̀ tó ti gbó, tí ọyún àti ẹ̀jẹ̀ egbò wà lára rẹ̀, mo jù ú sábẹ́ ẹní Rose.

Kí n tó lọ, mo tún okùn náà so bí mo ṣe bá a. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo so ó padà.

Ìyánsàn ni mo gbé ọmọ náà lọ, sọ́dọ̀ Dora ẹ̀gbọ́n mi, tí púpúrú tirẹ̀ dé gbogbo ọjà agbègbè wa.

"Morádé, ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Gbádé kan ni, tó wà ní Àjàgbà. Ìyá rẹ̀ ti kú. Olúwaṣọlá lorúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wojú ọmọ. "Olúwaṣọlá, káàbọ̀. Ilé nìyí. Ṣé wàá jẹun?"

Ọmọ́wùmí nawọ́ sí ilẹ̀ lábẹ́ àjà, níbi tí wọ́n ha dúdú púpúrú sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyẹn kọ́, ọmọ mi. Èyí inú rẹ̀ là ń jẹ."

Rose dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Igbe rẹ̀ ló gbé mi dìde. Ó sáré wá bá mi tààrà, èmi tí mò ń bú u lójoojúmọ́.

"Ìyá Gbádé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ṣé ẹ rí Ọmọ́wùmí?"

Mo wò ó. "Ṣé ọmọ mi ni?"

Inú mi dùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, inú mi dùn gan-an ni. Mo ní kó jìyà fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Bó bá ti jìyà tó, tó bá ti sunkún tó, màá mú un lọ bá ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi sílẹ̀ fún un, bí adájọ́.

Wọ́n wá ọmọ náà dé inú igbó, wọ́n wá a dé odò. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Ni wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rose yá aṣọ funfun wọ̀, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ níwájú. Bàbá Wòlíì wọ yàrá àdúrà, mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé mi.

Kò pẹ́ tó fi wọnú ẹ̀mí. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ọmọ náà wà láàyè. Mo rí i nínú èéfín. Mo rí àjà, mo rí iná lábẹ́ rẹ̀, mo rí obìnrin tó ń bọ́ ọ. Ọ̀nà Ìyánsàn ni mò ń wò."

Pẹ́ńsùlù dúró lọ́wọ́ mi.

Bí mo bá kọ ọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Èmi akọ̀wé ìran á di ajọ́mọgbé. Ọmọ á sì padà sídìí eérú. Mo sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ náà ni. Irọ́ ni. Ìdajì rẹ̀ ni nítorí ọmọ. Ìdajì yòókù, orúkọ mi ni mò ń dáàbò bò.

Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ bi ìyá ọmọ náà léèrè. Òun ló mọ ibi tó wà."

Mo jáde, mo kà á.

Obìnrin kan dìde, ó ní, "Ṣebí òun ló ní kí ikú pa á!" Ọkùnrin kan ní, "Okùn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láti ìta. Ta ló so ó?"

"Èmi ni mo so ó," Rose ní, "ṣùgbọ́n mi ò..."

Kò parí rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ jáde. Bàbá Wòlíì ń pariwo pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n fi igi lù ú títí apá òsì rẹ̀ fi ṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó lóyún. Ẹ̀jẹ̀ tó bo aṣọ funfun tó yá wọ̀ ló sọ ọ́ fún gbogbo wa.

Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìran wà ní àyà mi.

Kọ́ọ́púrà Lucas tó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, òun náà ló wá tú yàrá Rose. Ó rí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ lábẹ́ ẹní. Wọ́n bi í léèrè, kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, wọ́n tì í mọ́lé ní Òkìtìpupa.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dá fún un pé. Ta ni màá wá sọ ọ́ fún?

Mo lọ sí Ìyánsàn lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ gbà mí o, mi ò dá ọmọ yẹn mọ̀! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, egbò rẹ̀ ti san, irun rẹ̀ ti ń dúdú. Ó ń gbálẹ̀ lábẹ́ àjà, ó ń kọrin tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọ. Nígbà tó rí mi, ó sá lọ di ìró ẹ̀gbọ́n mi mú, ó ń pariwo, "Ìyé! Ìyé!" Bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Má bẹ̀rù. Morádé ò wá gbé ẹ lọ."

Mo jókòó wò ó jẹun títí oúnjẹ fi tán nínú àwo rẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, àwo yìí á dànù. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á pa obìnrin kan lórí ohun tí kò ṣe. Ọjọ́ tí mo bá rí ọmọ náà, mo máa ń pinnu láti dákẹ́. Ọjọ́ tí mo bá ti ẹ̀gbẹ́ yàrá Rose kọjá, mo máa ń pinnu láti sọ ọ́. Ibi tí mo wà nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méje.

Ọkọ mi fura. "Ìyá Gbádé, o ò jẹun mọ́. Kí ló ń jẹ ọ́?"

"Ọ̀rọ̀ Rose ni, Bàbá Gbádé."

"Ọ̀rọ̀ Rose kẹ̀? Ìwọ tó o kórìíra rẹ̀?" Ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún Rose ní àhámọ́. Mo ní kí n sọ ọ́ fún un lójúkojú. Wọ́n mú un jáde, apá rẹ̀ ti jinná ní wíwọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Kò mutí mọ́, kò rí i mu. Mo ń retí kó ṣépè fún mi. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá Gbádé, gbogbo wọn ti dẹ́kun láti máa wá a, àbí? Wọ́n rò pé ó ti kú. Ẹ bá mi wá a. Ẹ̀yin lẹ máa ń fún un lóúnjẹ. Ebi á ti máa pa á níbi tó wà."

Ẹnu mi là. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Ni ọlọ́pàá bá ní àkókò ti tó, mo sì yára dìde. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe yára dìde tó.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n ń gbé Rose lọ sí kóòtù gíga ní Oǹdó, pé bó bá jẹ̀bi wọ́n á yẹgi fún un. Bàbá Wòlíì gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ó ní òun fẹ́ kí Ẹ̀mí fi ibi tí òkú ọmọ wà han òun, ká lè sin ín kí wọ́n tó gbé ìyá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ yàrá àdúrà, mo ní ibà ń ṣe mí. Kò sí ibà. Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn mọ́ ni.

Morìnsọ́lá ló wọlé kọ ọ́ dípò mi, obìnrin tó ń ta epo, tí èmi fúnra mi kọ́ ní a-bí-dí lẹ́yìn tó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kọ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ dáadáa. "Ohun tó o bá gbọ́ ni kó o kọ. Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀." Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, èmi Morádéyọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè mo jókòó lẹ́yìn. Mo ní Morìnsọ́lá ò ní lè sáré bá ọ̀rọ̀ Bàbá, pé yóò kàn kọ ìdajì. Ó dìde, ó gbé ìwé súnmọ́ ojú, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́.

"Ọ... mọ... náà... wà... láà... yè."

Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ẹnì kan ní "Halelúyà!" wọ́n ní kó dákẹ́.

"Nínú... ilé... èé... fín... ọ̀... nà... Ì... yán... sàn."

Mo ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Mo... ti... sọ... è... yí... rí." Morìnsọ́lá nu ojú rẹ̀, ó tún fi ìka wá ibi tó dé. "È... é... ṣe... tí... ẹ... kò... lọ?"

Bàbá Wòlíì gbé orí sókè. "Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó tún un kà. Bàbá yíjú, ó ń wá mi láàárín èrò títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin. "Ìyá Gbádé, Ẹ̀mí ní Òun ti sọ èyí rí. Nígbà wo ló sọ ọ́? Mú ìwé ìṣáájú wá."

Ọkọ mi ló dìde láàárín àwọn ọkùnrin. Orúkọ kan ṣoṣo ló pè, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Dora."

Lẹ́yìn náà ló bo ojú rẹ̀. Mo wólẹ̀ síbẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, okùn, sùtànà, aṣọ abẹ́ ẹní, ìwé. Àwọn tó lu Rose wà níbẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́pàá mú mi lọ sí Ìyánsàn. Ẹ̀gbọ́n mi jáde pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ ti ṣì í," ó ní. "Olúwaṣọlá lọmọ yìí ń jẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú. Morádé, sọ fún wọn."

Kọ́ọ́púrà Lucas pe ọmọ náà látẹ̀yìn. "Ọmọ́wùmí!"

Ọmọ náà yíjú.

Wọ́n mú Rose jáde fún wa ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó na apá kan tó dáa. Ọmọ náà sá sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ké pe Ìyé, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń pè bẹ́ẹ̀. Rose rí i. Ó wo bí ara ọmọ náà ṣe ń dán. Ó yíjú sí mi.

"Ìyá Gbádé, kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí?"

"Bi ọ́ ní kí ni, Rose?"

"Ọmọ. Ká ní ẹ sọ pé, 'Rose, fún mi ní ọmọ yìí kí n bá ọ tọ́ ọ,' ǹ bá gbé e fún yín. Ǹ bá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ta ni kì í fọmọ sọ́dọ̀ èèyàn? Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kí ẹnì kan sọ ọ́, ojú ń tì mí láti tọrọ rẹ̀. Ẹ̀ ń fún un lóúnjẹ, ẹ̀ ń bú mi. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Títí dòní mò ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Rose, èmi ni mò ń bi ọ́ báyìí. Fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Wàá máa wá wò ó."

"Rárá, mà. Apá mi ti lọ, oyún mi ti lọ. Kí èyí náà tún lọ? Mi ò fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Kọ́ọ́púrà ní òfin ò ní ohun méjì tó máa sọ: ìyá ló lọmọ. Rose fà á lọ tẹkúntẹkún. Kò lè gbé Igbódìgò mọ́ láàárín àwọn tó ṣẹ́ ẹ lápá, ó kó lọ sí etídò. Wọ́n ní kò pẹ́ tó fi padà sídìí ògógóró.

Èmi, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ààbọ̀ ni adájọ́ bù fún mi. Mo sọ pé ó tọ́ sí mi. Nínú ọkàn mi, mò ń sọ pé ó tán síbẹ̀ nìyẹn, mo ti san án.

Oṣù kẹfà tí mo wọ ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi wá wò mí. Kò gbé oúnjẹ wá. Ó jókòó, kò wojú mi.

"Mo wá ọmọ yẹn lọ sí etídò," ó ní. "Mo ní kí n tún bẹ ìyá rẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Rose ti gbé ọtí lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ibà mú ọmọ náà nínú ilé. Ìyá ilé kejì ló sọ ọ́ fún mi. Mo bi í, mo ní, 'Ẹ̀ ń gbọ́ igbe rẹ̀, ẹ ò wọlé?'"

Mo ti mọ̀ pé kí n má bèèrè. Mo bèèrè. "Kí ló ní?"

"Ó ní obìnrin kan ní Igbódìgò ló wọlé gbé e nígbà kan, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ó ní ta ló fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n? Ọjọ́ méjì ló fi ké, Morádé. Lọ́jọ́ kẹta wọn ò gbọ́ ọ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde kó tó sọ èyí tó kù. "Wọ́n ní Ìyé ló ń pè títí tó fi kú. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni, mi ò mọ̀ bóyá Rose ni."

Mo ti jáde lẹ́wọ̀n báyìí. Morìnsọ́lá ló ń kọ ìran, ìjọ ní kí n máa jókòó sẹ́yìn, mo sì ń jókòó sẹ́yìn. Bí mo bá ń ha púpúrú, mo ṣì máa ń yíjú wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bóyá lẹ́yìnkùlé tìrẹ náà, ìwọ tó ò ń ka èyí, ọmọ kan wà tí ebi ń pa, ìyá rẹ̀ sì ń mutí. Má jí i. Má sì kàn dúró máa bú ìyá rẹ̀. Kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí, kó o bi í.